Ẹ Bu Tiyín Kún Kóòdù Ọ̀fẹ́
Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn tó ń kọ́ JavaScript, nínú Moment.js, àkójọ kóòdù ọ̀fẹ́ fún ọjọ́ àti àkókò, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ yo.js. Sẹ́rẹ́, Èrèlè títí dé Ọ̀pẹ̀, oṣù wa pé síbẹ̀. Ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́; ẹ̀yin náà lè ṣe irú rẹ̀.

Àmọ́ ní 2020, àwọn alábòójútó Moment.js kéde pé àwọn kò ní fi nǹkan tuntun kún un mọ́. Nítorí náà, ẹ wá àkójọ kóòdù mìíràn tó ṣì ń dàgbà. Ẹ kọ́kọ́ ka òfin àwọn alábòójútó rẹ̀, kí ẹ wá tún ibi kékeré kan ṣe. Kékeré ni mo wí o! Ẹni tó kó ẹgbẹ̀rún ìlà dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ta ni yóò kà á? Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un ṣe, ẹ má bínú. Ahunṣọ pàápàá ń tú òwú. Dátà wọ́n, àmọ́ ẹ lè fi Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà kóòdù, ṣiṣẹ́ nílé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, títí ẹ ó fi fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.