Kí Ni Ó Ń Mú Òṣìṣẹ́ Ṣiṣẹ́?

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin arábìnrin, ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àwọn tí ń bá wa ṣiṣẹ́: ọmọ tí ń bá wa tajà, ọmọ iṣẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀, òṣìṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ wa ní ọ́fíìsì. Ohun tí a sábà máa ń wí nípa wọn ni pé, “Owó nìkan ni wọ́n mọ̀.”

Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ní tòótọ́? Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí méjì, Sanford DeVoe àti Sheena Iyengar, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe nínú ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ó ní ẹ̀ka ní ilẹ̀ púpọ̀. Wọ́n bi àwọn òṣìṣẹ́ ní Àríwá Amẹ́ríkà, ní Éṣíà àti ní Látìn Amẹ́ríkà léèrè ohun tí ń mú wọn ṣiṣẹ́. Níbi gbogbo, ìdáhùn wọn bára mu: ìfẹ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ju owó àti èrè lọ. Ìgbà tí ó kan àwọn ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ yà. Àwọn ọ̀gá Àríwá Amẹ́ríkà ní èrè ni àwọn ọmọ abẹ́ àwọn ń lé jù. Àwọn ti Éṣíà ní méjèèjì ni, ọgbọọgba. Àwọn ti Látìn Amẹ́ríkà nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn bá ti òṣìṣẹ́ mu. Ẹ kíyèsí i pé ojú tí ọ̀gá fi ń wo òṣìṣẹ́ ni ó yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. (N kò ní kí a má sanwó o! Ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn gbádùn iṣẹ́ kankan.)

Àwa náà kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Nínú àárò, àwọn baba wa ń ro oko ara wọn láìgba kọ́bọ̀.

Mo ní ọmọ iṣẹ́ aránṣọ kan nígbà kan tí ó ń fẹsẹ̀ falẹ̀. Mo rò pé owó oúnjẹ ni, mo fi kún un, kò yí padà. Ọjọ́ tí mo fara balẹ̀ bi í, ó ní, “Mọ́mì, láti ọdún kan, bọ́tìnnì àti etí aṣọ nìkan ni ẹ ń gbé fún mi. Èmi fẹ́ gé bùbá.” Ojú tì mí. Mo fún un ní yáàdì méjì àǹkárá. Ọrùn bùbá náà fẹ̀ jù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, òun ni ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù dè mí.

Kí a tó tún pàdé, kí olúkúlùkù wa bi ẹnìkan tí ń bá a ṣiṣẹ́ pé, “Èwo nínú iṣẹ́ yìí ni o fẹ́ràn jù?” Kí a mú ìdáhùn wọn wá sí ìpàdé.