ÀRÒKỌ ALÁLÀYÉ: OHUN TÍ Ó Ń MÚ KÍ Ẹ̀KỌ́ DÚRÓ LÓRÍ ỌMỌ

Àròkọ alálàyé ni èyí tí a fi ń la ọ̀rọ̀ yé ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ṣe ni pé kí ó sọ bí nǹkan ṣe rí, ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, àti bí a ṣe lè lò ó. Bí ẹ bá kọ ọ́ dáadáa, tí ẹ sì kà á sétí ìyá àgbà tí kò wọ ilé ìwé rí, yóò ní, "Ó yé mi."

Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú irú àròkọ yìí. Èkíní ni kí a máa to orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé jọ láìsọ ohun tí wọ́n rí. Èkejì ni kí a máa fi òwe kún gbogbo ìlà títí àlàyé yóò fi sọnù. Ẹ ṣọ́ra fún méjèèjì.

Ìbéèrè

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa kàwé gan-an, síbẹ̀ wọn kì í rántí ohun tí wọ́n kà. Kọ àròkọ láti ṣàlàyé ohun tí olùkọ́ lè ṣe kí ẹ̀kọ́ lè dúró lórí wọn.

Ìlapa Èrò

1. Ìfáárà: ìṣòro náà bí a ṣe rí i láyìíká wa.
2. Bí ìgbàgbé ṣe ń ṣiṣẹ́, àti àǹfààní àtúnṣe tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀.
3. Fífa ẹ̀kọ́ jáde láti orí ju títún ìwé kà lọ.
4. Ohun tí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ àti èdè tí ó gbọ́.
5. Ìyìn àti ìjìyà.
6. Àgbálọgbábọ̀.

Àpẹẹrẹ Àròkọ

Bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ẹni tí ó bá ń kọjá lóru yóò máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tí ń kàwé. Wọn a ka ojú ìwé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé gbọ̀ngàn ìdánwò, ohun tí wọ́n kà a di àwátì. Òbí a ní ọmọ náà kò ní ọpọlọ. Olùkọ́ a ní kò kàwé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọmọ náà ni kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ rí ibi fìdí múlẹ̀ sí.

Lọ́nà kìíní, ó yẹ kí olùkọ́ mọ bí ìgbàgbé ṣe ń ṣiṣẹ́. Hermann Ebbinghaus, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, fi ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1885. Ó há àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, lẹ́yìn náà ó ń wo bí ó ti kù sí òun lórí tó. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti pàdánù ju ìdajì lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó kù. Lẹ́yìn oṣù kan, bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ìgbàgbé a máa yára ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà a wá máa rọra. Ó tún rí i pé bí òun bá sọ nǹkan náà ní ìgbà 38, tí òun pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, èrè rẹ̀ kò dín sí ti ìgbà 68 tí òun sọ ọ́ léraléra ní ọjọ́ kan. Òjò ńlá tí ó bá rọ̀ lórí àpáta Ọ̀kà a ṣàn lọ. Èyí tí ó bá ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí ebè ni iṣu ń rí mu. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ Ajé bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, kí ó bi wọ́n léèrè fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní ọjọ́ kejì, kí ó tún bi wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó sì tún padà sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́nà kejì, bíbéèrè lọ́wọ́ ọmọ ṣe pàtàkì ju kí ó máa tún ìwé kà lọ. Ní ọdún 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, tẹ àyẹ̀wò kan jáde. Wọ́n ní kí ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ka àyọkà kan fún sáà mẹ́rin. Ọ̀wọ́ kejì kà á fún sáà kan, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí nígbà mẹ́ta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ń kà á ṣáá ni ó borí: wọ́n rántí ìdá 83 nínú 100, àwọn yòókù rántí 71. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tí ń kà á ṣáá rántí 40, àwọn tí ó pa ìwé dé rántí 61. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ń ka ìwé lákàtúnkà, ojú rẹ̀ ni ó mọ ìwé náà. Orí rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Àwọn baba wa ti ń lo ọ̀nà yìí tipẹ́. Ọmọ awo tí ń kọ́ Ifá ní ojú odù 16 àti ọmọ odù 240 níwájú, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 256, odù kọ̀ọ̀kan sì ní ẹsẹ púpọ̀. Kò sí ìwé tí yóò máa wò. Ọ̀gá rẹ̀ a sọ fún un, òun náà a sọ ọ́ padà. Ibi tí ó bá ti ṣì í, ọ̀gá a tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ṣe yẹ kí olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ pa ìwé dé kí agogo tó lù, kí olúkúlùkù kọ ohun márùn-ún tí ó gbọ́. Bí ó bá sì fẹ́ béèrè ìbéèrè, kí ó kọ́kọ́ béèrè, kí ó dákẹ́ díẹ̀, kí ó tó dárúkọ ẹni tí yóò dáhùn. Bí ó bá ti dárúkọ ẹnì kan ṣáájú, àwọn yòókù a jókòó, wọn a máa wòran.

Lọ́nà kẹta, orí ohun tí ọmọ ti mọ̀ ni a ń gbé ohun tuntun lé. Ọmọ tí ó ń bá ìyá rẹ̀ tajà ní Ìkàrẹ́ mọ iye tí ó yẹ kí òun fún oníbàárà padà, ṣùgbọ́n ìṣirò inú ìwé lè dẹ́rù bà á. Bí olùkọ́ bá ní ènìyàn 12 ń dá àjọ 500 náírà, tí ó béèrè iye tí ẹni tí àjọ kàn yóò kó, ọmọ náà yóò dáhùn pé 6,000 náírà kí ó tó mọ̀ pé ìsodipúpọ̀ ni òun ṣe.

Èdè náà wà lára ohun tí ọmọ ti mọ̀. Ní ilẹ̀ Àkókó, èdè tí ọmọ Àrígìdì tàbí Erúṣú bá nílé yàtọ̀ sí Yorùbá inú ìwé. Ìgbà tí ó bá dé kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì a di ẹ̀kẹta. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè tí a fi ń kọ́ ọ kò ní ohun tí yóò rántí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ mìíràn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì tìtorí rẹ̀ wọmi. Èyí kò ní kí olùkọ́ ilé ìwé gíga pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, kí a tú u ní èdè tí ọmọ gbọ́, kí a tó fi Gẹ̀ẹ́sì dì í.

Lọ́nà kẹrin, ìyìn ń ti ọmọ síwájú ju pàṣán lọ. Ní ọdún 1898, Edward Thorndike, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé lórí àwọn ológbò tí ebi ń pa, tí òun sé mọ́ inú àpótí, tí oúnjẹ wà níta. Èyí tí ó bá ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn a jáde, a sì jẹun. Bí a bá ń dá a padà léraléra, a máa yára jáde ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé ó ti rí èrè. Thorndike kọ́kọ́ rò pé bí èrè ṣe ń mú ìwà rere dúró ni ìyà ṣe ń pa àṣìṣe rẹ́. Ní ọdún 1932, lẹ́yìn àyẹ̀wò púpọ̀, ó ní agbára ìyà kò tó ti èrè rárá. Ọmọ tí a nà nítorí ìdáhùn tí kò tọ̀nà kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ mọ ìdáhùn. Ohun tí yóò kọ́ ni pé kí òun máa dákẹ́. Kíláàsì tí ó bá sì ti dákẹ́, ìbéèrè olùkọ́ kò lè fa ohunkóhun jáde níbẹ̀ mọ́. Kí olùkọ́ sọ pé, "Ìlà kìíní tọ̀nà, tún ìpín ìlà kejì wò." Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra.

Ní ìparí, àwọn kan lè ní ọmọ pọ̀ jù nínú kíláàsì, iṣẹ́ sì pọ̀ tí a gbọ́dọ̀ parí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìṣẹ́jú márùn-ún kò ná ẹnikẹ́ni lówó, àwọn ọmọ sì lè pààrọ̀ ìwé láti máa ki ara wọn. Iṣẹ́ tí a parí, tí ọmọ kò rántí, a kò tíì kọ́ ọ. Kí a bi í léèrè, kí a tún bi í, ní èdè tí ó gbọ́, láìdẹ́rù bà á: nígbà náà ni òru tí ó fi kàwé yóò tó ní èrè.

Àkíyèsí

Ẹ wò ó pé ohun mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: ohun tí a ti wádìí, ohun tí a mọ̀ nílé tí ó jọ ọ́, àti ohun tí olùkọ́ yóò ṣe. Wọn kò tò bákan náà nínú gbogbo wọn, kí àròkọ má ba à dà bí ìwé àkọsílẹ̀ ọjà. Ẹ tún wò ó pé a kò dárúkọ ọ̀mọ̀wé kan láìsọ iṣẹ́ tí ó ṣe. Òwe kan ṣoṣo ni a lò, ibi tí ó yẹ ẹ́ ni a sì fi í sí. Nínú àgbálọgbábọ̀, a fèsì fún ẹni tí ó lè ta kò wá. Èyí a máa fi hàn pé òǹkọ̀wé ti ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Fi gbólóhùn tìrẹ ṣàlàyé: di àwátì, fìdí múlẹ̀, ta kókó, ojú mọ ìwé, orí kò mọ̀ ọ́n.
2. Kọ ìlapa èrò fún àròkọ yìí: "Ìdí tí àwọn ọmọ kan fi ń sá fún ìṣirò."
3. Kọ àròkọ alálàyé lórí bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìlú rẹ. Sọ bí ọ̀gá ṣe ń mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n.
4. Pa ìwé yìí dé. Kọ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí àròkọ náà là sílẹ̀, láìwò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tún un kọ.