Aṣálẹ̀ Yẹn Kò Ṣófo



Aṣálẹ̀ ni ọgbà ìjọba Big Bend ní Texas, l'Amẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá wo ilẹ̀ gbígbẹ ibẹ̀ nìkan, ẹ ó ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n odò Rio Grande ń ṣàn létí ẹ̀, òkè Chisos wà láàárín ẹ̀, irú ẹyẹ tí wọ́n sì ti rí níbẹ̀ lé ní 450!

Ẹyẹ kékeré kan, Colima warbler, máa ń ti Mẹ́síkò wá pamọ lórí òkè náà láti oṣù kẹrin. Tó bá di oṣù kẹwàá, ó ti lọ. Ẹni tí kò gun òkè, tàbí tó wá nígbà òtútù, kò ní rí i.

Ta la ti wò lẹ́ẹ̀kan péré, tá a ní kò wúlò? Ẹ jẹ́ ká tún un wò lónìí.