Èédú Tó Ń Tún Ilẹ̀ Ṣe

Ẹni tó bá gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀bá ààtàn kì í wá ajílẹ̀ kiri. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ohunkóhun tó bá bọ́ síbẹ̀ ló ń hù. Ní igbó Amazon ní Bràsíl, àwọn onílẹ̀ ti ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó tó débẹ̀. Èédú ìdáná, egungun ẹja, àpáàdì àti ìdọ̀tí ilé ló para pọ̀ di ilẹ̀ náà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti kọjá, ilẹ̀ náà ṣì dúdú, wọ́n ṣì ń dáko níbẹ̀. Nítòsí wa níhìn-ín, àwọn onímọ̀ rí irú rẹ̀ ní àwọn abúlé Làìbéríà àti Gánà, wọ́n sì gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2016.

Èédú ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ bí afárá oyin, inú ihò wọ̀nyí ni omi àti oúnjẹ ilẹ̀ ń há sí, tí òjò kì í fi í gbá wọn lọ. Ó tún ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Ewé á jẹrà, á tán. Èédú lè wà nínú ilẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn ìkórè? Wọ́n á kó pòròpórò àti ṣùkù àgbàdo jọ, wọ́n á ṣáná sí i, ó di eérú, òjò àkọ́kọ́ á sì gbá a lọ. Owó ló jóná yẹn.

Bí wọ́n bá fẹ́ kó di èédú dípò eérú, kòtò ni kí wọ́n gbẹ́, kí ẹnu rẹ̀ gbòòrò, kí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Wọ́n á fi igi wẹ́wẹ́ dáná sí ìsàlẹ̀, wọ́n á wá da ṣùkù gbígbẹ lé e níwọ̀nba. Ojú ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ: bí eérú funfun bá ti ń bo ojú ẹyin iná, ó tó àkókò láti da òmíràn lé e. Ọwọ́ iná tó wà lókè kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ti ìsàlẹ̀ fi ń di èédú. Bí èéfín bá ṣú bolẹ̀, ṣùkù náà tutù tàbí wọ́n dà á pọ̀ jù. Nígbà tí kòtò bá kún, kí wọ́n fi omi pa á títí yóò fi rin gbingbin. Bí omi bá wọ́n, kí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹni tó bá sùn láì pa iná, eérú ni yóò bá láàárọ̀.

Èédú yìí kò tíì ṣeé dà sóko o! Ebi ń pa á. Oúnjẹ tó yẹ kí àgbàdo jẹ ni yóò fà mọ́ra, àgbàdo á sì pọ́n. Kí wọ́n rún un, kí wọ́n pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti màlúù, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní Sáḿbíà, àwọn olùwádìí fi irú èédú yìí sínú ihò tí wọ́n gbin àgbàdo sí, tọ́ọ̀nù 4 fún hẹ́kítà kan. Ní Kaoma, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ yanrìn tó sì kan, ìkórè lọ sókè lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ní Mkushi, níbi tí ilẹ̀ ti sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, èrè rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì lọ́ràá kò nílò wàhálà yìí. Ilẹ̀ tó ti ṣá ló wúlò fún. Kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ dán an wò lórí ebè díẹ̀, kó sì fi ebè mìíràn sílẹ̀ láì fi sí i, kó lè fi wọ́n wéra nígbà ìkórè.