ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ: BÍ A ṢE TÚN Ẹ̀RỌ ÌGÉGI TÍ Ó Ń FA AFẸ́FẸ́ ṢE

Àròkọ aṣàlàyé ni èyí tí a fi ń la bí a ti ń ṣe nǹkan yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ olùdánwò máa ń ṣe ni pé wọn a to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n wọn kò ní sọ ìdí tí a fi ń ṣe é. Iṣẹ́ tí o mọ̀ dájú ni kí o mú. Má ṣe mú èyí tí o kàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ìbéèrè: Ṣàlàyé àtúnṣe kan tí ó ṣojú rẹ.

Ìlapa Èrò
(a) Ẹ̀rọ náà àti ẹni tí ó ni ín
(b) Àmì àìsàn rẹ̀ àti ewu tí ó wà níbẹ̀
(d) Wíwá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé
(e) Àtúnṣe
(ẹ) Ìkádìí

Àpẹẹrẹ Àròkọ

Iṣẹ́ agégi ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ní agbègbè Òǹdó. Ẹ̀rọ ìgégi kan ṣoṣo tí ó ní ni ó fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ, òun náà ni ó sì fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bàjẹ́, ó yá owó, ó ra písítìnì àti sílíńdà tuntun, ó sì tún ẹ́ńjìnnì tò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí písítìnì náà há. Nígbà tí a tú u, ara rẹ̀ ti họ bí ẹni pé ológbò fi èékánná ya á. Ó tún yá owó lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́tẹ̀ yìí, kí ó tó gbé e lọ sínú igbó, ó tan án lójúde. Nígbà tí ó tu ọwọ́ kúrò níbi tí a ń tẹ̀ kí ó lè sáré, ẹ̀rọ náà kò rọlẹ̀. Ńṣe ni ó ń han gooro. Bí a bá dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohùn rẹ̀ a yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ yí síkúrúù kábúrétọ̀ kí epo lè pọ̀ sí i. Bàbá mẹkáníìkì àdúgbò wa ni ó dá a dúró, ó ní, “Ọmọ mi, ètè ni o fẹ́ fi sílẹ̀ tí o fẹ́ máa pa làpálàpá yẹn. Afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ rẹ ń fà.”

Bàbá ṣàlàyé fún wa. Epo bẹntiróòlù tí a po ọ́ìlì mọ́ ni ẹ́ńjìnnì yìí ń lò, ọ́ìlì inú epo yìí ni ó sì ń mú kí písítìnì máa yọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá rí ihò wọlé lẹ́yìn kábúrétọ̀, yóò pọ̀ ju epo lọ. Ẹ̀rọ a máa sáré àsápajúdé, a gbóná, ọ́ìlì kò ní tó, písítìnì a sì há.

Bàbá tú kábúrétọ̀ àti sàléńsà, ó sì fi awẹ́ rọ́bà àti irin pẹlẹbẹ dí ojú méjèèjì pa. Ó gbé písítìnì sókè kí ihò tí epo ń gbà wọlé lè ṣí. Ó wá fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ihò tín-ín-rín tí kábúrétọ̀ fi ń gba èémí ẹ́ńjìnnì. Kò jẹ́ kí ó ju 7 lọ lórí géèjì táyà, kí ó má baà ba síìlì jẹ́. Ó fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rẹ̀, bí àwọn tí ń lẹ táyà ti ń wá ojú ibi tí táyà ti jò. Lójijì, abẹ́ rọ́bà tí ó so kábúrétọ̀ mọ́ sílíńdà bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Rọ́bà náà ti sán níbi tí kílíìpù ti dì í mú. Ẹ̀gbọ́n mi ti ra písítìnì tuntun lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n rọ́bà àtijọ́ ni ó ń dá padà.

Bàbá kò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, nítorí epo bẹntiróòlù yóò jẹ ẹ́. Rọ́bà tuntun ni a rà. Ó nu ẹnu sílíńdà mọ́, ó fi rọ́bà náà bọ̀ ọ́, ó sì dì í le. Ó tún fẹ́ ẹ: géèjì kò yẹsẹ̀. Ó wá fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, nítorí pé síìlì lè gbà bí a bá ń fẹ́ ẹ, kí ó sì jò bí a bá ń fà á. Ó gbà. Lẹ́yìn èyí ni ó tó fọwọ́ kan síkúrúù kábúrétọ̀. Nígbà tí a tan ẹ̀rọ náà, bí a ti dà á sọ́tùn-ún ni a dà á sósì. Ohùn kan náà ni.

Ẹ̀gbọ́n mi padà sínú igbó, ó ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo kọ́ ọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lé aláǹgbá, kí ó kọ́kọ́ wá ojú ibi tí ògiri ti lanu.

Àkíyèsí
1. Wo bí “nítorí” àti “kí ó lè” ṣe ń sọ ìdí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.
2. Òwe méjì péré ni a lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà ní ààyè rẹ̀.
3. Bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ àyálò ni a ṣe kọ ọ́.

Iṣẹ́ Ṣíṣe
Ṣàlàyé bí a ṣe ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ tí ó jò. Sọ ìdí tí a fi ń ṣe ohun kọ̀ọ̀kan.