Orúkọ Yorùbá fún Àfikún Oúnjẹ Ẹṣin tí a fi Àgbọn Ṣe

Nínú ìwé ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, orúkọ oúnjẹ jẹ́ apá kan nínú ìlànà ìlò rẹ̀. Bí orúkọ bá ṣi olùtọ́jú lọ́nà, ẹranko ni yóò jìyà rẹ̀. Àfikún oúnjẹ tí a fi àgbọn ṣe, tí àwọn olùtọ́jú ẹṣin ní Austrálíà àti ní ibòmíràn ń lò, jẹ́ àpẹẹrẹ èyí. Ohun mẹ́ta ni ó ń fẹ́ orúkọ níbẹ̀.

Èkíní ni inú àgbọn tí a gbẹ, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kópírà. ‘Àgbọn sísá’ kò kó ìtumọ̀ rẹ̀ já, nítorí pé oòrùn ni a fi ń gbẹ òmíràn, iná ni a sì fi ń gbẹ òmíràn. Ó sàn kí a yá kópírà lò.

Èkejì ni ọ̀rá tí a fún jáde lára kópírà. Bí a bá kọ ‘epo’ lásán, epo pupa ni Yorùbá yóò bù sí oúnjẹ ẹṣin. ‘Àdín àgbọn’, tí àwọn ènìyàn ti ń lò tẹ́lẹ̀, ni ó yẹ.

Èkẹta, tí ó ṣòro jù, ni ohun tí ó kù lẹ́yìn tí a ti fún àdín náà tán. ‘Kúlíkúlí àgbọn’ yóò mú ìpápánu wá sí ọkàn. ‘Èérí àgbọn’ ni ohun tí ó kù nínú asẹ́ nígbà tí a bá fún omi ara àgbọn rírin. Ṣùgbọ́n bí èérí ògì ti jẹ́ ohun tí ó kù lẹ́yìn ògì, bẹ́ẹ̀ ni ‘èérí àdín-àgbọn’ yóò jẹ́ ohun tí ó kù lẹ́yìn àdín.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ikùn ẹṣin kéré. Ìfun ńlá rẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ koríko di agbára. Bí ọkà bá pọ̀ jù, sítáàṣì tí kò dà nínú ìfun kékeré yóò dé ìfun ńlá, yóò sì kan níbẹ̀. Inú lè run ẹṣin náà. Inú pátákò rẹ̀ sì lè wú títí tí kò fi ní lè rìn. Sítáàṣì kò pọ̀ nínú èérí àdín-àgbọn, amúaradàgbà inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 20 nínú 100. Olùtọ́jú tí ó bá fi èérí ògì rọ́pò rẹ̀ nítorí ìjọra orúkọ yóò dá sítáàṣì àgbàdo padà sínú oúnjẹ náà.

‘Àfikún’ pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ nínú. Láti ara ‘fi kún’ ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀: ohun kan gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ tí a óò fi òmíràn kún. Koríko ni ohun náà. Èérí àdín-àgbọn kò lè dípò rẹ̀, kò sì tó fún ọmọ ẹṣin tí ń dàgbà, nítorí pé láísìnì kò pọ̀ nínú amúaradàgbà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń fẹ́ àkíyèsí. ‘Rẹ’ ni kí olùtumọ̀ kọ, kì í ṣe ‘pò’, nítorí pé èérí náà gbọ́dọ̀ mu omi kí ó sì wú kí ẹṣin tó jẹ ẹ́. Bákan náà, kí a kọ ọ́ gbangba pé èyí tí ó ti bu kò ṣe é lò: kópírà tí kò gbẹ dáadáa lè ní oró aflatoxin nínú.

Orúkọ tí ó sọ ibi tí nǹkan ti wá àti iṣẹ́ tí a ti ṣe sí i ni ó ń dáàbò bo ẹni tí yóò lò ó.