Ọmọlángidi Kì í Ṣe Ohun Ìṣeré Lásán



Ní ọjọ́ kan, ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 5, wá sí dìsìpẹ́ńsárì wa ní Mápó. Ọmọ náà ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé tipẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí àbúrò rẹ̀ ni ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ nà án títí, kò dáwọ́ dúró. A yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kò sí àrùn. Mo fi àkísà di ọmọlángidi kan fún un. Ó pọ̀n ọ́n díẹ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní: "Ọmọ tuntun, máa lọ sílé yín. Èmi ni mo ni ìyá mi." Ni ìyá rẹ̀ bá bú sẹ́kún. Ọ̀rọ̀ tí pàṣán kò lè fà jáde, àkísà fà á jáde.

Ọmọdé a máa jowú, a máa bẹ̀rù, a sì máa banú jẹ́ bí àgbà, ṣùgbọ́n kò tíì mọ bí yóò ti sọ ọ́. Bí ó bá fi í sẹ́nu ọmọlángidi, ẹ̀rù ìbáwí kì í bà á mọ́. Bí ọmọ méjì bá sì jọ ń fi ṣeré, tí ọ̀kan ṣe ìyá, tí èkejì ṣe ọlọ́jà, wọ́n ń kọ́ sùúrù, ẹ̀bẹ̀ àti àánú ẹlòmíràn. Àwọn baba wa kò ṣèṣì gbẹ́ ọmọlángidi fún àwọn ọmọbìnrin láti máa pọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe báyìí:

1. Ìbọ̀sẹ̀ àlòkù tí a fọ̀ mọ́ tó láti fi ṣe é. Ẹ fi òwú rán ojú àti ẹnu sí i, kí ẹ sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí ó lè máa "sọ̀rọ̀". Ẹ má ṣe lo bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, kí ó má baà há a lọ́fun.

2. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣáájú nínú eré náà. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ má ṣe bi í léèrè bí ọlọ́pàá, ẹ má sì nà án nítorí ohun tí ó sọ.

3. Bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ fi ìka gún ọmọlángidi "lábẹ́rẹ́", kí ó sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ sọ òtítọ́ fún un pé yóò dùn ún díẹ̀, kò sì ní pẹ́ tán. Ẹ má ṣe fi nọ́ọ̀sì dẹ́rù ba ọmọ.

Ṣùgbọ́n bí ibà tàbí ìrora bá bá títọ̀ sílé rìn, tàbí tí ọmọ ń mu omi lámujù, ẹ tètè gbé e wá sí ilé ìwòsàn.

Ní ti ọmọ wa yẹn, bàbá rẹ̀ gbé pàṣán jù sílẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń gbé e jókòó sẹ́sẹ̀ lálaalẹ́ kí ó tó sùn. Kò pẹ́ tí ẹní rẹ̀ fi gbẹ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.